Eyínfúnjowó ti Orin

Ajé, 5 Oṣù Kẹwàá, 2009
Wọ́ọ̀dù kún. Ẹni tí ikọ́ àti ibà bá dá dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìdó níbí, èmi ni mò ń fi igi olówùú gba ikun imú rẹ̀. A ó fi yìnyín dì í ránṣẹ́ sí Èkó, kí wọ́n wò ó bóyá fùlúù ni. Màmá kan láti Orin gbá mi lọ́wọ́ — ṣé ọpọlọ òun ni mò ń wá ni? Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sùn lọ, ọ́síjìn nímú.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá, Mobọ́lá, oyún oṣù méje. Mo ní kí lorúkọ màmá. Ó wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Eyínfúnjowó lèmi ń pè wọ́n." Mi ò rọ̀ ọ́. Èmi náà, ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ ní Ìfàkì, mi ò pe orúkọ ìyá ọkọ mi rí. Mo kọ Eyínfúnjowó sínú rẹ́jísítà. Àdírẹ́sì: ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Orin. Màá bi màmá fúnra rẹ̀ lọ́la.

Ẹtì, 9
Mi ò bi í. Ìgbà tí mo wà lọ́fù ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó fi iṣu méjì sílẹ̀ fún "ọmọ tí í fi igi tọ imú ẹni".

Ọjọ́rú, 14
Ọmọ mi Ìdùnnú ká eyín. A jẹ iṣu màmá.

Ìṣẹ́gun, 20
Èsì dé. Ẹnì kan péré ló ní fùlúù — Eyínfúnjowó. Ara màmá ti yá, ṣùgbọ́n Mobọ́lá tó ń nu ikun rẹ̀ ńkọ́? Fùlúù kì í ṣàánú aboyún. Fóònù wọn kò lọ. Dókítà Oyèwọlé — Ẹ-Rọra ni mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí — ní kí n lọ wá wọn, kí n má sì rọra.

Ọjọ́rú, 21
Ọ̀kadà dé Orin. Ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún! Mo ń bèèrè Eyínfúnjowó, àwọn ará ìlú ń fi mí rẹ́rìn-ín: ìyàwó wo ni kò ní Eyínfúnjowó tirẹ̀? Ẹ̀yìn ìkẹrin ni mo ti gbọ́ ikọ́. Mobọ́lá ni, ó ń mí gúlegúle, màmá ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀. Mo bínú sí ara mi. Ìbéèrè kan péré!

Takisí, Ìdó, ọ́síjìn, oògùn. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní uyàwó ulé mi. Ọmọ mi ni."

Ẹtì, 23
Ara Mobọ́lá kò tíì yá. Mo gbàdúrà.

Àìkú, 25
Ibà lọ! Ọmọ inú ń tàpá. Mo sunkún sínú ìborùn mi.

Àbámẹ́ta, 31
Wọ́n ń lọ sílé. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo ní kí á tún orúkọ màmá kọ. Màmá yíjú sí Mobọ́lá: "Pè mí. Mo fún ọ láyè." Mobọ́lá wolẹ̀, ó pè é: "Beatrice, màmá mi." Màmá dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà oko: "Ooo, ọmọ mi!"

Mo délé, ìyá ọkọ mi ń wúkọ́ díẹ̀ ní pálọ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, tí kò lè sọ̀rọ̀, kí ni n óò kọ?

Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Mo ń lọ bá a ní pálọ̀ báyìí, kí n tọrọ àyè láti pè é.