Adúmáadán Ń Mu Ọ́ìlì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Òkítóbà 1957. Ìlá.

Ìwé tuntun. Tinúadé ìyàwó mi ni mo máa ń ròyìn ọjọ́ fún tẹ́lẹ̀, nírọ̀lẹ́, bó bá ti ń tú irun rẹ̀. Ó pé ọdún méjì lóṣù tó kọjá tó ti kú. Bébà ló kù tí mo lè máa rò fún.

Ọ̀gá mi: olóyè kan, oníṣòwò kòkó, tó wálé láti Ìbàdàn pé òun fẹ́ sinmi ọdún kan. Afínjú ni n ó máa pè é níhìn-ín — bí ìwé bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ọkọ̀ rẹ̀ tí mò ń wà, Adúmáadán. Dúdú, gígùn, àga awọ. Èèyàn lè fá irùngbọ̀n lára rẹ̀ láìwá dígí. Kò tíì pé ọdún kan tó ti Òkè-Òkun dé. Kò sí irú rẹ̀ láti ibí dé Ọ̀tan.

Ó sì ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí.

Ọjọ́bọ̀, 3 Òkítóbà

Mo fa géèjì láàárọ̀, irin gígùn tí a fi ń wọn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì. Ó tún ti wálẹ̀. Ìdajì agolo kó tó kan àmì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Òkítóbà

Ṣéhù bá mi fọ ọkọ̀. Ará Ìlọrin ni, òun ló ń ṣọ́ géètì, òun nìkan ni mo sì ní níbí. Ẹgbẹ́ ni wá. A jọ ń jẹ ẹ̀kọ òwúrọ̀. Wòlíì ló ń pè mí nítorí ìwé tí mò ń kọ. Bí mo bá ti fa géèjì, màá ké sí i láti ìdí ọkọ̀ pé ó ti lọ sílẹ̀. Òun náà á dáhùn láti géètì: "Kí Ọlọ́run ṣàánú ọ̀mùtí." Ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ — ṣùgbọ́n òun ló ń la ojú ọjọ́ fún mi.

Lónìí ó gbé garawa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, Wòlíì, wo bí omi ṣe gun apá kan, ibí yìí mà dagẹ̀rẹ́. Mo ní kó máa ṣọ́ géètì rẹ̀, kó jẹ́ kí n máa ṣọ́ ẹ́ńjìnì mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀? Afínjú ló ní ibẹ̀ ni kó máa dúró sí, imú sókè síhà ojú ọ̀nà, kí àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè máa rí i. Ó ní ọkọ̀ ẹni ńlá kì í kẹ̀yìn sí ìlú.

Ọjọ́rú, 9 Òkítóbà

A lọ sí ìlú Ire, àlọ àtàbọ̀. Èéfín aláró lẹ́yìn wa títí. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ fi ìborùn bo imú. Ojú tì mí bíi pé èmi ni mò ń tú u jáde. Afínjú yọ áńkáṣífù.

Ọjọ́bọ̀, 10 Òkítóbà

Ìdajì agolo. Ó fẹ́ẹ̀ lé.

Ọjọ́ Ajé, 14 Òkítóbà

Afínjú ránṣẹ́ pe fítà, atúnkọ̀ṣe, láti Òṣogbo. Alfred lorúkọ rẹ̀, onígbéraga kékeré kan. Ó fa géèjì níbi tí ọkọ̀ dúró sí: ó kan àmì, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ọ́ kún ni. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì, ó nu ọwọ́. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnì yìí. Ó wá wò mí. Ó ní, "Ọ́ìlì kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn o, dírẹ́bà."

N kò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Òkítóbà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Afínjú pè mí sí pálọ̀. Ó ní ẹ́ńjìnì dára, ọ́ìlì sì ń tán. Ṣé òun ni òun ń fi í jẹ iyán? Mo ní rárá, sà. Ó ní ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù tí a ń kó ọ́ìlì sí wà. Mo ní ọwọ́ Ṣéhù ni, sà.

Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Afínjú ń retí kí n sọ̀rọ̀ sí i. Mo mọ ohun tó kù láti sọ: pé ọwọ́ mi yìí ni mo fi rọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì, pé ẹ̀kán kan kò gba ibòmíràn lọ. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi nìkan ló kù tí wọn yóò fura sí. Ẹ̀rù bà mí. Níbo ni n ó lọ? Yàrá dírẹ́bà yìí ni gbogbo ilé tí mo ní láyé. Mo wo ilẹ̀.

Ọjọ́rú, 16 Òkítóbà

Wọ́n ti lé Ṣéhù lọ. Ó di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi fún ìgbà díẹ̀. Mo ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Òkítóbà

Mo fa géèjì. N kò ké sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ méjì ni mo rà nítorí ó ti mọ́ mi lára, èkejì gbẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Òkítóbà

A lọ sí Ọ̀tan, a bọ̀. Ọ́ìlì tún lọ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò Afínjú láti ọjọ́ tí Ṣéhù ti lọ. Ta ló wá ń jí i?

Ọjọ́ Àìkú, 3 Nòfẹ́mbà. Òkè-Ìlá.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Afínjú ni alága. Mo rọ ọ́ìlì kan àmì ká tó kúrò nílé. A ó sùn síhìn-ín. Adúmáadán wà ní pápá ilé ìwé, ilẹ̀ títẹ́jú. Èèyàn pọ̀, orin pọ̀, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 4 Nòfẹ́mbà. Òkè-Ìlá.

Mo fa géèjì láàárọ̀ yìí. Ọ́ìlì ti ga ju àmì lọ ní ìka méjì.

Mo nù ún, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á. Ìka méjì náà ni. Mo rò pé ẹnì kan ló wá bu kún un. Ta ló máa ń jí ọ́ìlì wá fúnni?

Mo yá garawa lọ́wọ́ obìnrin kan, mo pọn omi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Omi dúró ṣinṣin. Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nílé, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí imú ọkọ̀ wà lókè, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ni ọ́ìlì ń ṣàn lọ. Iwájú ni géèjì wà. Ó ń sọ pé kò pé nígbà tó ti pé. Èmi náà á rọ ọ́ sí i, ọkọ̀ á sì fi èyí tó pọ̀ jù ṣe èéfín. Ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan. Adúmáadán kì í ṣe ọ̀mùtí. Èmi ni mò ń fipá rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń wakọ̀. Aṣọ́géètì ló rí i, láti inú garawa.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu — èmi nìyẹn.

Ọjọ́rú, 6 Nòfẹ́mbà

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Afínjú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n wá ibi tó tẹ́jú fún ọkọ̀. Mo ní, Ṣéhù ńkọ́, sà? Ó ní òun kì í tutọ́ sílẹ̀ kí òun tún lá a. Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé irọ́ lo pa?" Mo ní rárá, sà. Ó ní kí n máa lọ nígbà náà.

Kò lé mi. Ì bá sàn kó lé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Nòfẹ́mbà

Mo gbààyè, mo wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀tan. Wọ́n ti sọ fún mi pé Ṣéhù wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé kan, ó ń po amọ̀. Ó fọ ọwọ́, ó bu omi fún mi mu. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti orí garawa dé orí pálọ̀, n kò fi ibi kankan pamọ́.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun wà lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ lọ́jọ́ náà, òun ń fi omi wọ́n òdòdó. Ó ní, "Mo ń retí pé wàá sọ̀rọ̀. Mo retí títí tí omi fi tán nínú agolo ọwọ́ mi."

Ó ní òun ti dárí jì mí, Ọlọ́run ló ni ìdájọ́. Ó bi mí bóyá mo ti gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára. Ó padà sídìí amọ̀ rẹ̀. Kò pè mí ní Wòlíì.

Ọjọ́ Ajé, 11 Nòfẹ́mbà

Mo fa géèjì. Ọ́ìlì pé géérégé. Mo ké e síhà géètì bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì dúró díẹ̀.