Èmi Nìkan Ni Ọmọ Ogun Ìbàdàn

Ọjọ́ Ajé, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1963. Òkè-Ìmẹ̀sí.

Ilé-ìwé wọlé lónìí. Kíláàsì kẹfà. Tíṣà ní kí n dìde, kí n sọ orúkọ mi àti ìlú mi. Mo ní Ìdíátù, ọmọ Ìbàdàn. Gbogbo wọn yí ọrùn wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ bí ọrùn wọn ṣe ń dún. Bí mo bá purọ́, kí àrá pa adìyẹ aládùúgbò.

Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Bẹ́ńṣì ẹni mẹ́ta, èmi nìkan. Mo nà gbọọrọ bí ọba.

Ìwé, ìwọ nìkan ni mo rí bá sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n là á yé ọ. Ìyá mi kú ṣáájú Iléyá. Bàbá mi ń wa lọ́rì, obì ló ń kó lọ sí Kánò, kò sì lè máa gbé mi sórí obì kiri. Ló bá gbé mi wá fún ìyá tó bí ìyá mi, ẹni tí n kò fojú rí rí. Màmá yìí wo bàbá mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní òun á gbà mí títí di ìsinmi Rìpọ́bíríkì, ìbẹ̀rẹ̀ Òkìtóbà. Lẹ́yìn ìyẹn kí ó wá ibòmíràn fún mi. Bàbá mi ní ó dáa.

Ibòmíràn wo? Kò sí. Èmi àti bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kankan nínú wa kò sọ ọ́.

Mo ti sọ màmá náà ní Gómìnà. Tó bá tẹjú mọ́ iṣu, iṣu á jiná láìfẹ́ iná.

Ọjọ́rú, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Gómìnà kì í nà mí. Kì í bú mi. Á bu oúnjẹ fún mi, ẹran á wà níbẹ̀, á wá kọjú sí ògiri jẹ tirẹ̀. Nínú agboolé tí a háyà yàrá sí ní Ìbàdàn, ẹni igba la jọ ń jẹun — ó dáa, ẹni méjìdínlógún. Ariwo wọn máa ń dí mi létí. Níhìn-ín, mò ń gbọ́ òkèlè bó ṣe ń lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n kó wa lọ sí ojú ogun Kírìjí. Ibẹ̀ ni Èkìtì àti Ìbàdàn ti bá ara wọn jà láyé àtijọ́, ọdún gbọọrọ. Àwọn àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko níbẹ̀. Ògiri bùdó tó ti wó ṣì wà, kòtò tí wọ́n ń ba sí ṣì wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì là á kọjá láti òkè kan sọ̀ kalẹ̀ sódò, ó tún gun òkè kejì. Lọ́dọọdún, òjò á jẹ́ kí koríko bo ọ̀nà. Àwa ọmọ iléèwé là ń ṣán an. Tíṣà Mákindé fi ẹfun kun òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí àlejò má baà ṣìnà. Jẹ́nẹ́rà ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí pé ó ń yan kiri nínú ṣòkòtò péńpé bí ẹni pé Kuíìnì ló fún un lóyè.

Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ṣán. Kò sẹ́ni tó bá mi ṣán apá tèmi.

Nígbà tá a dé orí òkè, Jẹ́nẹ́rà nawọ́: níhìn-ín ni Èkìtì tẹ̀dó sí, lọ́hùn-ún ni Ìbàdàn, odò wà láàárín. Gbogbo wọn wo ọ̀hún. Wọ́n wá wò mí. Bí ẹni pé mo gbàgbé ìkòkò ọbẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan, Ọládipọ̀, bi mí pé ṣé kí àwọn èèyàn mi tó jẹun ni wọ́n máa ń sá, àbí lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní ẹni tó bá béèrè la kọ́kọ́ máa ń jẹ. Orúkọ rẹ̀ láti òní lọ: Ẹnu-Garawa.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Gómìnà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò. Mo bá adìyẹ sọ̀rọ̀. Ó fetí sílẹ̀ díẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìròyìn ńlá. Lọ́jọ́ Rìpọ́bíríkì, àwọn èèyàn ńláńlá máa wá láti Ìjerò àti Aramọkọ. A ó ṣe ogun náà fún wọn lórí ilẹ̀ ogun gan-an, a ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà.

Jẹ́nẹ́rà ní ta ni yóò ṣe Èkìtì. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Ẹnu-Garawa na ọwọ́ méjèèjì, ó kù díẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Jẹ́nẹ́rà wá ní ta ni yóò ṣe Ìbàdàn. Gbogbo ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀. Eṣinṣin kan kọjá, a gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀. Jẹ́nẹ́rà bẹ̀bẹ̀, ó ṣèlérí bisikíìtì. Ọmọ kan ní bí òun bá ṣe Ìbàdàn, bàbá òun á lé òun jáde nílé. Ìgbà náà ni Ẹnu-Garawa dìde, jẹ́jẹ́, bí olóye: "Ìdíátù ńkọ́, sà?"

Bó ṣe di tèmi nìyẹn. Èmi ni Balógun, èmi ni agbébọn, èmi ni ẹni tó ń dáná, èmi ni ẹṣin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìdánrawò. Mo dá nìkan gun òkè Ìbàdàn lọ pẹ̀lú ìbọn pákó. Láti ibẹ̀, àwọn ọmọ Èkìtì rí bíńtín bí èèrà. Garawa ni wọ́n ń lù dípò ìbọn ńlá — kí-rì-jí, kí-rì-jí.

Jẹ́nẹ́rà pariwo láti ọ̀hún pé kí n kú. Mo kú. Ó ní kí n dìde, kí n sáré lọ sídìí àpáta, kí n tún kú níbẹ̀, kí àlejò lè rò pé a pọ̀. Mo kú tó ẹgbẹ̀rún lónìí. Níbi tí mo ti ń kú lábẹ́ igi kan, ìjàlọ wọ aṣọ mi. Òkú fò sókè, ó ń jó. Wọ́n rẹ́rìn-ín ní òkè ọ̀hún, gbogbo wọn pátá.

Ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Tí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bá jìnnà, èèyàn lè ṣe bí ẹni pé wọ́n jọ ń rín in ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òrùlé ń jò sórí ìjókòó Ayọ̀bọ́lá, ló bá wá jókòó sí etí bẹ́ńṣì mi. Ó sọ̀rọ̀. Ó ní Gómìnà kì í dé ojú ogun, kódà kì í ṣẹ́gi níbẹ̀. Bàbá tó bí Gómìnà bá ogun náà lọ, ẹsẹ̀ kan ló fi padà. Nígbà tí ìyá mi wá tẹ̀ lé ọkùnrin Ìbàdàn, Gómìnà wí lójú gbogbo ayé pé: "Ogun gba ẹsẹ̀ bàbá mi, ó tún wá gba ọmọ mi." Kò lọ síbi ìgbéyàwó. Kò lọ síbi ìkómọ mi.

Òjò dá. Ayọ̀bọ́lá nu ìjókòó rẹ̀ gbẹ, ó padà síbẹ̀.

Ó ti wá yé mi. Tí Gómìnà bá wò mí, ogun ló ń rí. Ogun gidi, pẹ̀lú ìdì aṣọ àti irun dídì méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àwọn àlejò kan wá láti Ìlórò, wọ́n fẹ́ rin ọ̀nà ojú ogun. Jẹ́nẹ́rà kò tíì dé. Mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé mi.

Ìwé, mo purọ́ lónìí tí inú mi dùn. Mo ní bàbá bàbá mi àgbà máa ń gbé ọta ìbọn mì, á sì tu ú padà sójú ẹni tó ni ín. Mo ní jagunjagun kan ló ṣubú tí ilẹ̀ fi di kòtò báyìí, ó tóbi ju lọ́rì lọ. Mo ní lọ́sàn-án gangan, àwọn òkú á máa tọrọ omi. Ìyá kan láàárín wọn sunkún, ó bu ẹ̀pà sísun fún mi. Wọ́n pè mí ní ọmọ dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìlórò.

Kí n tó délé, ìròyìn ti jókòó dè mí. Gómìnà bi mí pé bàbá ta ni mo ní ó gbé ọta mì. Mo ní bàbá bàbá mi àgbà. Ó wá ní: "Bàbá tèmi ńkọ́?"

Títí di ìgbà náà, n kò rò ó rí pé bàbá tirẹ̀, tèmi náà ni. Ó dìde, ó lọ fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ì bá sàn kó nà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní kí n lọ kó aṣọ wọlé, òjò ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọmọ ọkọ̀ kan tó mọ bàbá mi dúró fún mi lójú títì. Ó ní bàbá mi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí, kí n ti múra. Mo bi í pé ṣé ó ti rí ibì kan fún mi. Ó ní ó ń béèrè káàkiri ni.

Mo sọ fún Gómìnà. Ó ní, "Ó dáa." Ọ̀rọ̀ kékeré bí abẹ́rẹ́. Mo ti ń sùn lé e.

Ọjọ́ Ajé, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀la ni. Mo ti mọ kíkú dunjú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Òkìtóbà

Ìwé, fìtílà ti ń kú lọ, fojú fo kíkọ mi.

Èrò pọ̀ lórí òkè Èkìtì láàárọ̀: àsíá, agbòjò, aga fún àwọn ìjòyè. Ètò wa: tí ogun bá parí, Jẹ́nẹ́rà á fọn fèrè, èmi á sọ̀ kalẹ̀ wá sétí odò, Ẹnu-Garawa á bọ̀ mí lọ́wọ́, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ẹnu-Garawa ti búra pé ọmọ Ìbàdàn á sá kí fèrè tó dún.

A jà. Garawa ń bú. Mo kú síbí, mo kú sọ́hùn-ún, mo kú débi pé mo gbọ́ tí wọ́n ń hó fún mi. Ìgbà náà ni ojú ọ̀run ṣú láti apá Ẹfọ̀n, dúdú bí ìdí ìkòkò. Òjò dé, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tó igbá. Gbogbo òkè ọ̀hún fọ́nká: ìjòyè, aga, garawa, Jẹ́nẹ́rà pẹ̀lú fèrè rẹ̀.

Fèrè kò dún. Mi ò sá. Mo dá nìkan rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí pé Èkìtì ló sá.

Òjò dá. Mo ní wọ́n á padà wá fọn ọ́n. Mo ní wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rí i pé ẹnì kan kù. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo odò, ó ti kún bo òkúta tí à ń tẹ̀ kọjá. Mo padà gòkè. Mo pariwo, mo ní ṣé ogun ti parí. Òkè ọ̀hún dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi.

Mo fara ti ògiri wíwó àwọn èèyàn mi. Mo rò ó pé àwọn tó jókòó síbí láyé ọjọ́un, bóyá àwọn náà ń retí ẹni tó máa ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mo sunkún. Kò pọ̀, ìkòkò méjì péré.

Mo wá gbọ́ ohùn. "Àbẹ̀kẹ́ o." Ohùn àgbà. Mo ní ọmọ ẹlòmíràn ló ń wá, kò sí Àbẹ̀kẹ́ ní kíláàsì wa. Ó tún pè, ó ti súnmọ́ odò: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Fúnkẹ́ mi o."

Olúfúnkẹ́ ni ìyá mi.

Gómìnà ni. Lórí ilẹ̀ ogun. Gèlè rẹ̀ ti rin gbindin, igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i, mo gbọ́ ọ. Mi ò dáhùn. Mo fẹ́ kó tún pè é. Ó tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta ohùn rẹ̀ ya, ni mo bá dáhùn.

Mo ní kó dúró. Kò dúró. Ó ti igi bọ omi, omi mù ún dé itan, ó kọjá wá sí apá Ìbàdàn, ó gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú bí ẹni mú olè. Bá a ṣe dúró títí omi fi fà nìyẹn. Mo bi í pé ta ni Àbẹ̀kẹ́. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ fún òun pé Fúnkẹ́ bí obìnrin sí Ìbàdàn, inú yàrá lòun wà tóun ti sọ ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tóun lè fi orúkọ náà rán.

A gba ilé Jẹ́nẹ́rà kọjá. Ó ń jẹ uyán — bí wọ́n ṣe ń pe iyán níhìn-ín nìyẹn. Gómìnà dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Tíṣà, ẹ kú ogun. Ṣé ẹ kì í kó òkú yín wálé ni?"

Jẹ́nẹ́rà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 2 Òkìtóbà

Ibà. Gómìnà fún mi ní àgbo tó korò ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ayọ̀bọ́lá wá yọjú lójú fèrèsé. Ó ní òun ló sọ fún Gómìnà pé mi ò bá wọn délé. Kò wọlé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ níbẹ̀.

Nípa ti ọ̀la, Gómìnà kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 3 Òkìtóbà

Mo di ẹrù mi láàárọ̀ kùtù, mo gbé àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúnra mi, kó má baà di pé ẹnì kan ní kí n gbé e. Mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, Gómìnà ti jókòó lé e, ó ń bẹ iṣu.

Lọ́rì dé. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, Gómìnà dá a lóhùn dáadáa. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti rí obìnrin kan ní Mọ́kọ́lá tó máa gbà mí sílé, ìyàwó ọ̀rẹ́ òun. Gómìnà ń bẹ iṣu. Bàbá mi ní kí àwọn tètè máa lọ kí ilẹ̀ má ṣú. Gómìnà bi í pé ṣé á jẹun. Ó jẹun. Ó mu omi. Ọmọ ọkọ̀ tẹ hóònù. Bàbá mi wo àpótí, ó wò mí. Èmi ń wo òkè àjà.

"Màmá," bàbá mi ní, "àpótí ọmọ yìí ńkọ́?"

"Àpótí wo?"

Gbogbo wa ń rí àpótí. Etí rẹ̀ méjèèjì yọ lábẹ́ ìró. Gómìnà mú iṣu mìíràn. Bàbá mi ṣí ẹnu, ó pa á dé, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, n kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní òun á máa yà, ó gun ọkọ̀ rẹ̀.

Gómìnà kò kúrò lórí àpótí títí ìró lọ́rì fi ré kọjá ìyànà. Nígbà náà ló na ọwọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde, orúnkún òun ti kú.