Má Gbé Oúnjẹ Wá Sílé Ìyá Rẹ

Abúlé Akínṣọlá,
Lẹ́yìn Adégbayì,
Ẹgbẹ́dá.

Tẹniọlá Àyọ̀ká, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Àbújá ò le jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tó ń ṣọ́ wa. Bàbá yín ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Lẹ́tà ni mo kọ torí pé lórí fóònù, káàdì á ti tán kí n tó kí ọ tán.

Iṣẹ́ tí o rán ló gbé mi dé ìdí bébà, pé dókítà ní gúlútẹ̀nì tó wà nínú wíìtì ló ń dà ọ́ nínú rú, àti pé tí o bá ń bọ̀ nílé fún Kérésì, wàá gbé ìkòkò àti oúnjẹ tìrẹ dání. Tẹniọlá! Sílé èmi tí mo bí ọ? Inú bí mi, n kò purọ́, omijé bọ́ sínú ẹ̀gúsí tí mò ń bó. O tún ní wọ́n ki kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ wọnú ikùn. Jọ̀ọ́, gba fọ́tò náà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní ńlá, mo fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o yà nígbà tí o jáde yunifásítì.

Nígbà tí ara mi rọ̀, mo da ìyẹ̀fun wíìtì bàbá yín sórí àtẹ, mo gba awò ojú wọn, mo ń wá gúlútẹ̀nì yìí kí n lè ṣà á dànù bí a ti ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Mo ṣà á títí ọrùn ń ro mí, mo kù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò rí nǹkan kan. Mo bá ru àtẹ lọ bá Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi ní ilé ìwòsàn wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kò ṣeé ṣà, òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun máa fà tí wọ́n bá ń pò ó, kì í ṣe májèlé fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìfun àwọn mìíràn ò fẹ́ rí i rárá, bó ti wù kó kéré tó. Mo ní kí ló dé tí dókítà ìhín fi ní kí bàbá yín máa jẹ wíìtì nítorí ìtọ̀ ṣúgà, tí dókítà Àbújá wá ní kí ọmọ wọn má fọwọ́ kàn án, ṣé wọn ò lè pe ara wọn kí wọ́n parí ìjà ni? Nọ́ọ̀sì ní kò sí ìjà, ara ló yàtọ̀ sí ara. Bàbá yín ti yára pa wíìtì tì, wọ́n ti ní kí n gúnyán. Mo dá wọn padà sídìí wíìtì wọn.

Nọ́ọ̀sì ní kò sí gúlútẹ̀nì nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà. Gbogbo oko wa nìyẹn! Àfi bí wọ́n ṣe bi mí pé níbo ni mo ti ń lọ èlùbọ́. Ẹ̀rọ Ṣítù ọlọ́lọ̀ ni, ẹ̀rọ kan náà tó ń lọ wíìtì bàbá yín, wọ́n ní ìyókù wíìtì á máa dà mọ́ èlùbọ́. Mo ní kí Ṣítù tú u kó fọ̀ ọ́, ó ní ṣé wọ́n ti rí òkú nínú ẹ̀ ni. Mo fi í sílẹ̀. Odó tuntun ni mo fi gún èlùbọ́ tìrẹ, mo ra ìkòkò, omorogùn àti asẹ́ tuntun, mo sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Bàbá yín ní àfi bíi pé mo fẹ́ ọkọ mìíràn wọlé.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ní kékeré rẹ, tí o bá dikùn mú tí ò ń sunkún, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ọ́. Èmi á sáré lọ sí Adégbayì lọ ra búrẹ́dì gbígbóná kí o lè dákẹ́, wàá sì dákẹ́, màá máa dúpẹ́. Àṣé èmi gan-an ni mò ń fi ohun tó ń ṣe ọ́ bọ́ ọ. N kò mọ̀. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, odó ti wọ́n. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, owó tuntun ni kí o fi ránṣẹ́, èyí tí ọmọ onípíọ́ọ̀sì kó fún mi níjọ́sí ti gbó jù.

Olúwa á mú ọ délé láyọ̀, ara á dẹ̀ ọ́. Ọwọ́ òfo ni kí o gbé wá. Lójú rẹ ni màá ti ro àmàlà rẹ, lójú rẹ ni màá ti bù ú, kí n lè fọwọ́ mi bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí inú má run ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dèbórà.