Ilé Tí Mọ́tò Rẹ Ń Fà Bọ̀

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀nà tí ẹ máa gbà wá á dán fún yín, ẹ ò ní bá aburú pàdé. Àlàáfíà ni àwa náà wà, àfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń dùn ún tí mo bá ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mẹkáníìkì iwájú ilé ti dé ọwọ́ wa. Mo rí mọ́tò rẹ kékeré, mo rí ilé tí o so mọ́ ìdí rẹ̀, mo bá jókòó. Ìgbín nìkan ni mo mọ̀ pé ó ń gbé ilé kiri, ẹ̀yìn ló sì ń gbé e sí, kì í fà á. O ní bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, o ní sítóòfù wà, o ní inú ẹ̀ lẹ máa sùn tí ẹ bá dé. Lándílọ́ọ̀dù yín ni mi ò rí. Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ti gbé ilé lọ? Tó bá ń tẹ̀ lé yín bọ̀, tètè sọ kí n wá àyè tiẹ̀.

Mẹkáníìkì ní mọ́tò kékeré lè fà á, tí ẹrù ò bá ti pọ̀ jù, tí ẹ ò sì kó èyí tó wúwo sídìí ilé. Nítorí náà, tí ìyá ìyàwó wa bá ń bá yín bọ̀, iwájú ni kó jókòó sí, mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì gun òkè, ẹ dá mọ́tò yẹn dúró kó mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá rẹ lọ́dà, mo ti sá tìmùtìmù rẹ sóòrùn, mo ti rán kọ́tìnnì tuntun. Aránṣọ tó rán an bi mí pé ọmọ tó ń gbé ilé bọ̀ wálé, ṣé ilé bàbá ẹ̀ ń jò ni. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, mi ò gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń fa ilé bọ̀ láti oko.

Bàbá rẹ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí n ka gígùn àti fífẹ̀ ilé náà tí o kọ sábẹ́ fọ́tò, ó fi ṣọ́ọ̀kì yà á sórí símẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé, ó ní ká dùbúlẹ̀ wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ó ní òun ti gba ojú wíńdò jáde. A rẹ́rìn-ín títí bíríkìlà tó wá wo géètì fi bá wa nílẹ̀, ó ń bi wá bóyá a ṣubú ni. Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí èmi àti bàbá rẹ ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, inú mi dùn gan-an.

A ti pinnu: yàrá rẹ ni ìwọ àti ìyàwó wa àtàwọn ọmọ máa sùn, àwa á sùn nínú ilé kékeré. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí bíríkìlà bá wa fẹ ẹnu géètì, torí ilé yẹn ò lè gba ibẹ̀ wọlé, bàbá rẹ sì ní òun ò ní sùn sójú títì.

Ire á máa tẹ̀ lé ọ bí ilé yẹn ṣe ń tẹ̀ lé mọ́tò rẹ, kò ní já lẹ́yìn rẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà, tí ẹ bá jí tí ẹ ò rí wa, ẹ má wá wa. Ẹ sáà so ilé mọ́ mọ́tò, kí o rọra máa wà á lọ. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ wà lójú wíńdò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.