Munirat, Má Tíì Mú Àlùmọ́gàjí Wá

Ojúlé 18, Òpópónà Ṣèyífúnmi,
Ọmọ́lé, Ìkẹjà,
Èkó.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Munirat mi, ọ̀rẹ́ tó di mọ̀lẹ́bí,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo kí ọ lálẹ́, nítorí n kò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Báwo ni Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé òjò ti jẹ́ kí ẹ rí aṣọ sá? Orúnkún Bàbá Kaothar ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa láti kírun? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọ kíláàsì tuntun? Ṣé àwọn oníbàárà ṣì ń yà sí ìsọ̀ rẹ? Àwa níbí ń dúpẹ́. Ara Déolú ọkọ mi le, ẹnu rẹ̀ náà sì le, bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Kaothar ọmọ rẹ jẹun kí n tó jókòó kọ lẹ́tà yìí, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Fóònù wà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni o já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí kò sí bí o ṣe fẹ́ dá ìwé lẹ́nu dúró.

O rántí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá. O pe Kaothar lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, híjáàbù rẹ̀ sún sẹ́yìn, o sì rí iwájú orí rẹ̀ bó ṣe ṣí sílẹ̀. Igbe tí o ké kò tíì kúrò létí mi: "Dókítà irun, dókítà irun! Inú ilé ẹ ni irun ọmọ mi ti ń pá!" O ní Èkó ti jẹ irun ọmọ rẹ. O ní bó bá di Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, o ń bọ̀ wá fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí o sì mú un padà sílé, kí iléeṣẹ́ bisikíìtì tó ti ń ṣiṣẹ́ máa wá ẹlòmíràn. Sátidé tó ń bọ̀ yìí nìyẹn. Jọ̀wọ́, kí o tó di ẹrù, ka ìwé yìí dópin.

Kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Mo jẹ̀bi. Kò sí oṣù tí n kì í wo ọgọ́ta orí, ó kéré tán, ní ilé ìwòsàn wa ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ilé mi ni n kò wò. Ìdí fìtílà lòkùnkùn ń wà. Láti oṣù Kìn-ín-ní tí Kaothar ti dé ọ̀dọ̀ wa, kò jókòó níwájú Déolú láìborí rí, èmi náà sì ti máa ń jáde kó tó di aago mẹ́fà. Mo rí híjáàbù tó mọ́ tónítóní, mo rò pé orí tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà dára. Dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kejì tí o pariwo, mo gba àyè níbi iṣẹ́. Mo mú un jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo tú irun náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wo awọ orí rẹ̀ láti iwájú dé ìpàkọ́. Kò sí làpálàpá, kò sí egbò. Mo wá tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo gbọn irun náà sí i. Munirat, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí: irun tó re yàtọ̀ sí irun tó já. Èyí tó re máa ń mú ìdí rẹ̀ dání, wàá rí kókó funfun kékeré kan níbẹ̀. Èyí tó já kò ní kókó. Nínú irun mẹ́wàá tó wà lórí aṣọ yẹn, mẹ́sàn-án ni kò ní kókó. Irun ọmọ rẹ kò re ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń já ni. Ayé kankan kò fi ọwọ́ kàn án. Ilẹ̀ tó ń hu ún ṣì dára, ọwọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ń dá a.

Ọwọ́ ta ni? Mo ní kó fọ irun náà lójú mi bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Kò rọrùn fún mi. Ó mú omi gbígbóná láti inú kẹ́tùlù. Ó mú ọṣẹ olómi tí wọ́n ń rọ sínú ike ní Abúlé Ẹ̀gbá, èyí tí a fi ń fọ abọ́. Ó da méjèèjì sórí, ó kó gbogbo irun jọ sí àtàrí, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bó o bí ẹni ń fọ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fún un bí aṣọ, ó fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ fà á láti ìdí, ó dì í ní tútù, ó dé fìlà onírọ́bà tí wọ́n fún wọn níbi iṣẹ́, ó wá wọ híjáàbù lé e. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ kùtù, ó sì wà nínú irun tútù yẹn di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Mo bi í pé kí ló ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ó ní ìyẹ̀fun ni. Ibi tí wọ́n ti ń da àpò ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ ló ń dúró sí ní iléeṣẹ́ wọn ní Ọ̀gbà, eruku rẹ̀ sì ń wọ inú fìlà. Ìyẹ̀fun ló ń da omi gbígbóná lé lórí! Omi ń sọ ọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ irun, òòyà wá ń fa òun àti irun jáde pọ̀. Lábẹ́ fìlà, ohun tó tutù tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò máa rùn, yóò sì máa yúnni. Bó bá ń rùn, ó tún di dandan kó fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Láídé, obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ fún un pé omi gbígbóná ló ń pa ohun tó ń yún un.

Nígbà tí Déolú gbọ́, ó ní, "Kaothar, ó ku ààrò nìkan kí o di bọ́rẹ́dì Agége."

Ọmọ rẹ dá a lóhùn kíá: "Dádì, àwa kì í ṣe bọ́rẹ́dì o. Bisikíìtì ni tiwa."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí tó fi sún àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó gbé mi lọ́kàn jù ni èyí tó fún mi ní bálùwẹ̀. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ láti fọ irun báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Mọ́mì. Màmá mi ló máa ń fọ̀ ọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi."

Ọ̀rẹ́ mi, má bínú sí mi. Ọdún méjìlélógún ni o fi gbé orí ọmọ yìí lé itan, ìwọ pẹ̀lú omi òjò, ọṣẹ dúdú àti òrí. O ṣe é dáadáa. Irun tó kan ìdí ìgbáròkó kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ó máa ń sùn lórí itan rẹ, o sì ń yọ̀ pé ó ń sùn. Ẹni tó sùn kò rí ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Nígbà tó dé Èkó, ó gbé irun ńlá dání, kò gbé ìmọ̀ rẹ̀ dání. Èmi jẹ̀bi ọ̀kan, ìwọ náà gba ọ̀kan.

A ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, Sátidé mẹ́ta léraléra. Kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, kí o lè yẹ̀ mí wò. Kí omi tó kàn án rárá, a ó tú u, a ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò ní gbígbẹ. Òòyà onígi tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ni a fi ń yà á, láti orí ṣónṣó lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibi tó dì, ìka ni yóò tú u, kì í ṣe òòyà. Lẹ́yìn náà, a ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, a ó lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n má baà wọnú ara wọn. Ṣónṣó irun ló dàgbà jù lára irun, ó ti rí ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà a máa ń fi òróró àgbọn pa á kí ọṣẹ tó dé ibẹ̀.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni a ń lò, irú èyí tí a lè fi wẹ ọmọ tuntun. Awọ orí nìkan ni a ń fi ṣampú sí, orí ìka ni a sì fi ń ra á, kì í ṣe èékánná. Ìhó ọṣẹ tó bá ṣàn kọjá lára irun ti tó irun náà. Kò sí bíbó, kò sí kíkó o jọ sórí. Bí a bá ti ṣan án, a ó fi kọndíṣọ́nà sí i láti àárín dé ṣónṣó, a ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń mu ife tíì kan, a ó sì fi omi tútù ṣan án. Aṣọ alápá àtijọ́ ti Déolú ni a fi ń tẹ omi rẹ̀ gbẹ. Táwẹ̀lì máa ń họ irun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó fún un, nítorí ìyẹ̀fun. Ìwọ tí o kì í rí ìyẹ̀fun, ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì ni tìrẹ. Bí orí bá yún un láàárín ọ̀sẹ̀, aṣọ rírọ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ ni yóò fi nu awọ orí láàárín irun dídì. Ó bi mí nípa ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, mo ní kó bi àwọn tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀. Ìyàwó Alfa àdúgbò sọ fún un pé kí omi kan ìdí irun ni wọ́n ń wá, pé kò sẹ́ni tó ní kó bó o pẹ̀lú ọṣẹ. Sátidé la yàn nítorí kì í lọ síbi iṣẹ́ títí di ọjọ́ Ajé, irun náà á ti gbẹ pátápátá kí híjáàbù tó kàn án. Mo tún ra ìborí sílíìkì pẹlẹbẹ tó ń wọ̀ sábẹ́ fìlà iṣẹ́, nítorí rọ́bà fìlà yẹn ló jẹ iwájú orí rẹ̀.

Mo ka irun tó wá bá òòyà, o mọ̀ mí. Sátidé àkọ́kọ́, ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá. Èkejì, igba ó dín mẹ́fà. Lánàá, mọ́kànlélọ́gọ́rin, ọ̀pọ̀ wọn sì ní kókó funfun tiwọn, irú èyí tó yẹ kó re lórí gbogbo ènìyàn. Mo rí irun wẹ́wẹ́ tó ń hù níwájú orí. Láídé fúnra rẹ̀ wá wò ó lánàá, ó ṣí gèlè, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi náà."

N kò ní purọ́ fún ọ. Èyí tó ti já kò ní padà so pọ̀. Ó yẹ kí a gé ìwọ̀n ìka mẹ́rin kúrò ní ṣónṣó rẹ̀. Iwájú orí náà yóò gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kó tó kún. Ṣùgbọ́n gígé gbogbo rẹ̀ kò wo nǹkan kan sàn: bó bá hù padà, ọwọ́ kan náà ló máa fọ̀ ọ́.

Ohun kan tún wà tí Kaothar kò ní ìgboyà láti sọ fún ọ. Àwọn ọ̀gá wọn fẹ́ gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń yẹ bisikíìtì wò kí ó tó jáde, nítorí ìwé ẹ̀rí tó gbà lórí ìmọ̀ oúnjẹ. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí o bá mú un lọ ní Sátidé, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbẹ̀. Ó ní bí o bá sọ pé kó máa bọ̀, òun yóò tẹ̀lé ọ, òun kò ní bá ọ jiyàn. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́.

Bá mi kí Bàbá Kaothar, sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi òòrùn ọ̀sán jẹ orúnkún níyà. Kí àwọn ìbejì. Kí Alájà àgbà, kí o sì sọ pé mo ṣì ń jẹ nínú ẹ̀wà sísun wọn lójú àlá. Déolú ní kí n kí ọ, ó ní kí o wá jẹun nílé wa kí o tó bá wa jà.

Wá ní Sátidé, má ṣàì wá. Mo bi Kaothar bóyá ó ní ohun tó fẹ́ kí n bá òun kọ. Ó ronú títí, ó wá ní kí n kọ ọ́ báyìí: pé òun bẹ̀ ọ́, kí o jẹ́ kí òun dúró, àti pé kí o má di irun rẹ wá o. Kí o tú u sílẹ̀ nílé. Bí o bá dé, kí o gbé orí lé itan òun, òun ni yóò fọ irun rẹ fún ọ.

Èmi ni ẹni tí ariwo rẹ kò lè lé jìnnà sí ọ,

Ọdúnayọ̀.