Apá Ọ̀tún Íápíìsì Ni ti Bàríkí

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìrójú, ẹ kú àfaradà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì mọ̀ pé n kì í parọ́ irú ẹ̀. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó ń ka ìwé ìròyìn yìí sí yín létí lọ́wọ́lọ́wọ́. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, ẹ má sì fo ibì kankan nítorí ojú Màámi. Mo kí Ìyá Àgbà. Mo kí àwọn ìyàwó ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi Mùtíátù ni, àkọ́bí yín, télọ̀ tó ń gbé ní Mówè.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń kí yín. Mo pè yín títí, ẹ ò gbé e. Mo rán aládùúgbò wa kan tó ń lọ sí Ìwó sí yín, ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní omi, ẹ bi í léèrè ọmọ àti ọkọ, ẹ ò sì dárúkọ mi rárá. Bí mo bá kọ lẹ́tà sí ẹ̀yin nìkan, ẹ lè fi dáná. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi kà á tán, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kà á kí gbogbo ilé má gbọ́. Ibẹ̀ ni mo gbà wọlé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n wálé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ẹlòmíràn tó ń kà á, kí wọ́n má bàa máa wojú ara wọn. Àwa méjì péré ni Màámi bí, èmi àti Bàríkísù. Èmi ni mo kọ́kọ́ wá sí Mówè wá ṣiṣẹ́ télọ̀, nígbà tí ọwọ́ mi sì mókè díẹ̀, mo lọ mú àbúrò mi wá. Àìsàn gbé e dè, a pè é ní ibà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Màámi, pé òun máa dìde, pé ẹ̀rù máa ń tètè bà yín. Mo gbà fún un. Nígbà tí mo máa fi pe ilé, ilé ìwòsàn kejì la ti wà. Nígbà tí Màámi máa fi wọ mọ́tò ní Ìwó, Bàríkí ti lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn àáfà ní kò yẹ kí á dá òkú Mùsùlùmí dúró, pé òjò sì ti ṣú. Mo sọ fún wọn pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀, pé wọ́n ti kọjá Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé ọ̀rọ̀ á yé ìyá náà. A sin ín sí Ìbàfò lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Ẹ dé, Màámi, erùpẹ̀ ṣì tutù. Ẹ ò sunkún. Ẹ bi mí pé apá ibo ni orí rẹ̀ wà, mo nàka sí i, ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ẹ kó àwọn aṣọ rẹ̀ àti báàgì rẹ̀, ẹ wọkọ̀ padà. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ọmọ yín ni, ẹ ò rí ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, mi ò mọ ohun tí mi ò ní ṣe.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Yunifọ́ọ̀mù ló kún ọwọ́ mi báyìí, nítorí àwọn iléèwé tuntun kàn ń hù ní Mówè bí olú. Èmi ni mo máa ń gé aṣọ, èmi ni mo máa ń rán an, Bàríkí ló máa ń ṣe ìgbátí tó sì máa ń gbé bọ́tìnnì sí i. Ní báyìí mo ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìyá kan tó máa ń gbé iṣẹ́ wá láti Ìfọ̀ bi mí pé kékeré yẹn dà, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí bọ́tìnnì. Mo ní ó ti lọ sílé. Mi ò mọ bí ẹnu mi ṣe gbé e jáde. Ó ní kí n bá òun kí i tó bá dé.

Òjò ọdún yìí kò nítìjú rárá. Ẹrẹ̀ àdúgbò wa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn, ọlọ́kadà á dúró lókè lọ́hùn-ún, á ní òun ò wọ ibẹ̀. Bí ìpàgọ́ àdúrà àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì bá sì wà ní ìhà Àṣẹ̀ṣẹ̀, ọ̀nà á dí pátápátá, oníbàárà kankan ò ní wá. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ wa nígbà tí a jẹ́ méjì. A ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ku díẹ̀, a ó rẹ gààrí, a ó máa fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí, mo ṣì máa ń bu gààrí èèyàn méjì. Màá ti da omi sí i kí n tó rántí. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, onílé ò tíì lé mi, ara mi le, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ilé yẹn ń pa mí, Màámi.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló gbé mi dé ìdí íápíìsì. Bàbá Àgbà, okùn tí wọ́n ń ki bọ etí láti gbọ́ orin fóònù ni mo ń sọ. Màámi rí i lára wa nígbà Iléyá, wọ́n ní a dà bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so mọ́ èèkàn kan. Ẹyọ kan ni a ní. Fóònù Bàríkí ti bọ́ sínú omi rí, ohùn kì í jáde lára rẹ̀ mọ́ àfi téèyàn bá fi íápíìsì sí i. Nítorí náà, tí a bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, apá òsì á wà létí mi, apá ọ̀tún á wà létí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀tún. Ó ní ṣebí òun ni ọwọ́ ọ̀tún mi ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló tọ́ sí òun. Mo ní kó máa gbé e lọ, ọ̀gá ọwọ́ ọ̀tún. Íápíìsì yẹn wà nínú báàgì tí ẹ gbé lọ, fóònù nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ mi.

Mo lọ ra òwú ní Àgbàdo lọ́jọ́ kan, mo ra íápíìsì kan níbẹ̀ nítorí páálí rẹ̀ ń dán. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i pé báàsì rẹ̀ lágbára. Ó lágbára lóòótọ́! Ńṣe ni ìlù ń dún gbì, gbì, gbì bí ẹni ń gúnyán nílé kejì, ohùn olórin sì wà nísàlẹ̀ kànga. Kò pẹ́, apá kan kú, apá kejì tẹ̀lé e. Mo bú ẹni tó tà á fún mi títí mo fi délé.

Ẹni tó wá là mí lóye ni Làmídì, ọmọ Ìṣẹ́yìn kan tó ń ta nǹkan fóònù lábẹ́ agbòòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìbàfò. Mo ti ibi sàréè Bàríkí ń bọ̀ ni mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé owó mi ò pọ̀, pé ohùn tó dáa ni mo fẹ́, kó má ta páálí fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní téèyàn bá ní owó kékeré, olókùn ni kó rà, pé èyí tí kò lókùn tí wọ́n ń tà ní iye yẹn, orí bátìrì ni gbogbo owó rẹ̀ lọ, ohùn ò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ó ní kí n má wo bó ṣe ń pariwo tó, kí n fetí sí ohùn ẹni tó ń kọrin, bóyá ìlù ò bò ó mọ́lẹ̀. Ó kó rọ́bà etí kékeré, àárín àti ńlá síwájú mi, ó ní kí n wọ̀ wọ́n wò, pé tí rọ́bà ò bá dí etí dáadáa, ohùn á máa jò dànù, èèyàn á sì máa bú íápíìsì tí kò ṣẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Bí èmi náà ṣe máa ń wọn ọrùn ẹ̀wù nìyẹn. Ìgbà náà ló wá ní kí n fi orin tí mo mọ̀ bí ẹní mowó dán an wò, nítorí orin tuntun lè tan èèyàn jẹ.

Orin kan wà nínú fóònù Bàríkí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Orin àwọn obìnrin àtijọ́ kan ni. Ẹni tó bá wa fi í sínú mẹ́mọ́rì ò mọ orúkọ wọn, àwa náà ò mọ̀ ọ́n. Ìyá olórin á kọrin pé ọmọ òun lọ sí ìdálẹ̀, pé ilẹ̀ sì ti ń ṣú, sákárà á máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà á sinmi díẹ̀, sákárà nìkan á máa dún, kó tó tún gbé e. Mo mọ gbogbo ibi tó ti ń sinmi.

Mo ki apá méjèèjì bọ etí. Mo gbọ́ ìyá olórin, mo gbọ́ sákárà, gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara. Ó dé ibi tó ti ń sinmi. Ni obìnrin mìíràn bá fọhùn ní etí ọ̀tún mi, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ní ó ń bọ̀, ẹ má tilẹ̀kùn.

Mo fà á yọ. Mo sọ fún Làmídì pé ayédèrú lọjà rẹ̀, pé rédíò ṣọ́ọ̀bù kejì ló ń fà wọ inú orin mi. Ẹ mọ ẹnu mi, mo pariwo débi pé ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde dúró. Làmídì ò bínú. Ó ní kò sẹ́ni tó tan rédíò nítòsí. Ó fún mi ní òmíràn, obìnrin náà tún sọ ọ́. Ó wá ní kí n yọ ti ọ̀tún. Mo yọ ọ́, n kò gbọ́ obìnrin náà mọ́. Ó ní kí n dá a padà, kí n yọ ti òsì. Obìnrin náà wà ńbẹ̀ digbí: ó ń bọ̀, ẹ má tilẹ̀kùn. Làmídì ní bí wọ́n ṣe máa ń gba orin mìíràn sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n á fi ẹnì kan sápá òsì, wọ́n á fi ẹlòmíràn sápá ọ̀tún, ẹni tó bá ń fi etí kan gbọ́ kò lè mọ̀. Ó bi mí bóyá etí kan ni mo ti ń fi gbọ́ ọ bọ̀.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, etí òsì. Bàríkí máa ń kọ ìyẹn. Tí ìyá olórin bá ti sinmi báyìí, á ní ó ń bọ̀, ẹ má tilẹ̀kùn, á sì máa bá ìgbátí rẹ̀ lọ. Màá ní kò sí nínú orin, kó yéé ba orin olórin jẹ́. Á ní ó wà níbẹ̀. Màá ní kò sí. Ó búra fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní wọlaì, Àǹtí mi, ó wà níbẹ̀, ó sì yọ ti etí rẹ̀ pé kí n gbà kí n gbọ́. Mo ní kó gbájú mọ́ bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Yéè, ọmọ yìí! Òótọ́ ló ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá, mo ń pè é ní elékèé, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ fún un báyìí pé mo ti gbọ́.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì Làmídì, mo sunkún irú èyí tí mi ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Ìyá ọlọ́sàn bó ọsàn lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí ojú mi gbẹ, mo ra íápíìsì náà.

Mo ti wá ohùn Bàríkí títí nínú fóònù yẹn, kò sí. Àwòrán aṣọ oníbàárà ló kún ibẹ̀. A kì í ká ohùn ara wa sílẹ̀, àbí ta ní í ká ohùn ẹni tí wọ́n jọ wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Nítorí náà, mi ò ní ohùn rẹ̀ láti fún yín. Ohun tó ń gbọ́ nìkan ni mo ní. Mo ti fi fóònù náà àti íápíìsì tuntun yìí rán dẹ́rẹ́bà tó ń ná Ìwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dán ti inú báàgì yẹn wò, okùn rẹ̀ ti gbó tán. Rọ́bà kékeré ni mo fi sí i, nítorí etí yín náà ni Bàríkí ní. Mo fi òwú pupa wé apá ọ̀tún kí ẹ lè dá a mọ̀. Ìyàwó kékeré mọ bí wọ́n ṣe ń tan orin náà, kó má sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wálé, Màámi. Ẹ bú mi, ẹ lé mi jáde kí n tún padà wọlé, mo fara mọ́ ọn, ẹ ṣáà ti fọhùn sí mi.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ Bàríkí. Kí Ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà, kí ẹ má tún fojú sunkún ọmọ mọ́. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ ṣeun tí ẹ kà á débí. Mo kí tọmọdé tàgbà ilé.

Màámi, òsì ni tèmi, ọ̀tún ni ti Bàríkí. Bí ẹ bá lè fi etí méjèèjì gbọ́ ọ, inú mi á dùn. Bí ẹ ò bá tíì fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ yọ ti òsì, kí ẹ máa gbọ́ tirẹ̀ nìkan.

Èmi ni ọmọ yín tó kù,
Mùtíátù, ní Mówè.