Wọ́n Ní Ká Pa Pẹ́pẹ́yẹ Wa Rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ìwé mi, má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó wọ́, ọ̀rọ̀ mi náà kì í yá. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà. Ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun ò lè máa sọ gbogbo tinú ẹ̀ lójú ìyá ọkọ — ìwọ ni mo rí bá sọ ọ́.

Lẹ́tà dé lónìí. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe fóòmù ìbùsùn ní àwọn ló ni àmì pẹ́pẹ́yẹ. Ká pa èyí tó wà lára pátákó ilé ìfọṣọ wa rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, ó di kóòtù. Bàbá ọkọ mi tó ti kú ló fọwọ́ ara wọn yà á. Òun làwọn oníbàárà fi mọ̀ wá.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ní, "Ṣé àwọn ló pa ẹyin ẹ̀ ni?"

Ìṣẹ́gun, 4

Ẹlẹ́rìn-ín — ọkọ mi ni, ojú ń tì mí láti kọ orúkọ ẹ̀ — ò rẹ́rìn-ín. Ó ra ọ̀dà funfun, ó gun àkàbà. Ó kun ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ náà méjèèjì, ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ò gbé e mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Lọ́yà tá a máa ń fọ aṣọ kóòtù wọn wá kó ẹrù. Mo ń lọ aṣọ lẹ́yìn. Ẹnu mi kàn ṣí ni — èmi! — mo sọ gbogbo ẹ̀.

"Ìyàwó wa, sọ fún ọkọ ẹ kó gbé ọ̀dà yẹn sílẹ̀ kíá!"

Wọ́n ní ẹni tó forúkọ àmì sílẹ̀ fún fóòmù kò torí ìyẹn ni gbogbo pẹ́pẹ́yẹ ayé. Ká má fọwọ́ sí nǹkan kan, ká má sì dákẹ́. Ká fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ká bi àwọn onífóòmù pé irú ọjà wo ni wọ́n torí ẹ̀ gba àmì náà. Ká wá oníbàárà tó máa fọwọ́ síwèé pé òun ò ṣì wá mú fún onífóòmù rí.

Màmá ní èmi ni kí n lọ bá àwọn oníbàárà nílé wọn. Èmi tí mi ò lè kí ará ilé kejì sókè!

Ẹtì, 7

Ẹlẹ́rìn-ín fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà. Ẹsẹ̀ kan jáde. Èkejì kọ̀.

Àbámẹ́ta, 8

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́: mo kàn án, mo sá. Wọ́n pè mí padà.

Télọ̀ ní, "Wèrè wo ló máa gbé ṣòkòtò ìdọ̀tí lọ bá onífóòmù?" Ó fọwọ́ síwèé ẹ̀rí tí mo gbé wá. Tíṣà àgbà ní àwọn ti ń kó aṣọ wá látìgbà tí ọkọ mi ṣì ń rá. "Kò sẹ́ni tó fún mi ní fóòmù níbẹ̀ rí o, bó tilẹ̀ wù mí."

Ohùn mi ha. Inú mi dùn.

Ajé, 10

Lọ́yà kọ èsì. Mo kà á sókè fún Màmá, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé mo ní ohùn.

Ajé, 17

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Kò sí èsì. Ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá dúró níwájú ilé, àyà mi á já.

Ẹtì, 21

Ó TI TÁN! Àwọn onífóòmù ní àwọn ò bá wa jà mọ́, bá ò bá ṣáà ta fóòmù. Màmá ní, "Kí àwọn náà má fọ ṣòkòtò!" Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Màmá ní mo ti kúrò lẹ́yìn. Láti òní, iwájú ni kí n máa jókòó, kí n máa gba oníbàárà. Àyà mi ń já, àmọ́ tìdùnnú ni. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún oníbàárà àkọ́kọ́ ni pé — wọ́n ti ń pè mí, "Ìyàwó! Wọ́n ti tò síbí o!" — mò ń bọ̀ o, Màmá, mo kàn fẹ́